Búrẹ́dì Tó Gba Iṣẹ́ Lẹ́nu Mi

Ẹnu mi yìí ni ẹbí torí rẹ̀ rán mi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe torí ìwé, nítorí ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó sá wá sídìí epo. Kì í ṣe torí ẹwà, nítorí ẹni tó bá ti ń ru epo láti Ìkọ̀rọ̀ wá sí Arámọ̀kọ láti ọgbọ̀n ọdún, kò ní ẹwà kan tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ju ọrùn líle lọ. Ẹnu ni. Nígbà tí a pé jọ sílé Yèyé wa ní Ìjurìn, àbúrò bàbá wa ní bí ẹnu mi bá lè mú kí àwọn tó ń fún epo lóko dín owó, ó yẹ kó lè mú Dàpọ̀ wọ bàálù. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo rẹ́rìn-ín jù. N kò mọ̀ pé ẹrù ni wọ́n ń gbé rù mí.

Dàpọ̀ ni àbúrò mi, àbíkẹ́yìn Yèyé. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà ní Lyon, tó ń wa bọ́ọ̀sì ìlú fún àwọn òyìnbó. Ó máa ń fi owó ránṣẹ́. Ó fi fóònù ránṣẹ́, ó fi aṣọ òtútù ránṣẹ́ sí Yèyé tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fi ránṣẹ́. Ọdọọdún ni yóò ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì, bí Kérésì bá sì dé, a ó rí owó ìrẹsì, a kò ní rí i.

Yèyé ní tirẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: òun ti ṣetán, ọkọ òun ti lọ, àwọn ẹgbẹ́ òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ tán, ṣùgbọ́n òun kò ní lọ àfi bí ojú òun bá kan Dàpọ̀. Bí ojú òun bá ti kàn án, ó parí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó fà mí sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, ó ní ohun tí màmá fi ń mí kò yé òun mọ́. Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Ó ń dúró ni, bí obìnrin tó ti palẹ̀ àtẹ rẹ̀ mọ́ tí ọkọ̀ kò tíì dé. Àárẹ̀ inú ìdúró yẹn ni mo ń wò lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Òun ló jẹ́ kí n gbà láti lọ.

Nílé tiwa, iṣẹ́ ẹbí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tí ẹbí bá rán kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ ẹni tí wọ́n rán an sí, omi pàápàá, títí yóò fi jíṣẹ́ tí yóò sì gba èsì. Ẹnu tó ti jẹ iyán ènìyàn kò lè le mọ́ ọn mọ́. Bí o bá ti jẹ, o di àlejò, àlejò kì í sì í pàṣẹ nínú ilé onílé. Wọ́n rán àbúrò bàbá wa yìí kan náà lọ sí Ẹ̀fọ̀n nígbà kan lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó, àwọn àna fi iyán síwájú rẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń wò ó títí iyán fi le bí òkúta, kò jẹ. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó fẹ́ ṣubú lórí àga ni wọ́n fún un lésì. Àwa ọlọ́jà náà mọ òfin yìí: bí o bá tọ́ epo wò tó dùn mọ́ ọ lẹ́nu kí o tó ná an, iye tí olóko bá pè lo máa san.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, Yèyé di ọwọ́ mi mú. Kò ní kí n kí Dàpọ̀. Kò ní kí n ṣọ́ra lọ́nà. Ó ní, “Má jẹun o.”

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí mo dé Lyon. Dàpọ̀ wá pàdé mi. Ó ti sanra, iwájú orí rẹ̀ ti ń pá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fa ẹrù wọn kọjá. Obìnrin kan dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó rò pé ó dákú ni. Mo gbé e dìde, mo sunkún díẹ̀, mo sì ní kó wá ibì kan tí a ó jókòó sí nítorí pé mo ní ọ̀rọ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ yà síbì kan. Ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ebi ń pa mí. Ìrẹsì tí wọ́n gbé fún mi nínú bàálù, ajá Arámọ̀kọ yóò gbóòórùn rẹ̀ kọjá ni. Òórùn búrẹ́dì yẹn wá kọjá òórùn, ó dà bí ọwọ́ tó di mí lọ́rùn mú. Dàpọ̀ ra ọ̀kan tó gùn tó apá mi, ó ṣẹ́ ìdí rẹ̀, èéfín jáde, ó nà án sí mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún bí ewé gbígbẹ lẹ́nu mi, inú rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Mo ti gbé e mì kí n tó rántí.

Mo gbójú sókè. Dàpọ̀ ń wò mí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ ẹ́ tán, àǹtí mi. Ó pọ̀.”

Ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ wa, òfin kan náà la mọ̀. Ó ti rò ó tán kí n tó dé.

Bí mo ṣe di àlejò nìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni ìwé ìrìnnà mi gbà mí láyè láti lò, Dàpọ̀ sì fi oṣù mẹ́ta yẹn bọ́ mi bí ẹran ọdún. Bí mo bá ti la ẹnu báyìí, “Dàpọ̀, nílé,” oúnjẹ ti wọ ibẹ̀.

N kò ní parọ́ pé n kò gbádùn rẹ̀. Ó mú mi lọ jẹ ìgbín. Inú mi dùn, mo ní a kúkú ti délé. Wọ́n gbé mẹ́fà wá nínú bọ́tà àti ewé, ìgbín tó kéré débi pé nílé wa a ó ní kó padà lọ dàgbà ná. Wọ́n fún mi ní irin kan láti fi tú u. Mo bi Dàpọ̀ bóyá a ń jẹun ni tàbí a ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Mo rí ṣàkì, mo rí ìfun ẹlẹ́dẹ̀ nínú àwo òyìnbó tó wọ kóòtù, tó ń fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni ń gé aṣọ. Mo rí wàrà wọn tó le, tó bu, tó ń rùn. Ọjọ́ tí Dàpọ̀ kọ́kọ́ gbé e wálé, mo ní kó lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bóyá eku ti kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ irú dàgbà kò gbọdọ̀ fi òórùn dá oúnjẹ lẹ́jọ́. Mo tọ́ ọ wò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, èmi ni mo ń wá a kiri nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ti wáìnì ń kọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fọwọ́ sí ọtí. Dàpọ̀ ní nílẹ̀ yìí, oúnjẹ ni wọ́n kà á sí. Mo mu ún bí ẹni ń mu àgbo, ó kan, ó korò, mo ní kó bu kún un.

Wọ́n máa ń gbé búrẹ́dì sábẹ́ apá láìfi nǹkan bò ó, abíyá gan-an. Ajá ń wọ ilé oúnjẹ, ó ń jókòó jẹ́ẹ́ sídìí tábìlì ju àwọn ọmọ kan tí mo mọ̀ lọ. Ènìyàn á ra ife kọfí kan tó kéré bí ìdérí ìgò, á sì jókòó tì í láti ọ̀sán títí oòrùn á fi kúrò lójú títì. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àtẹ mi, n ó bi í bóyá ó ti ra ilẹ̀ náà. Ohun kan wà tó wù mí níbẹ̀: bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí o kò kí wọn, wọn kò ní dá ọ lóhùn. “Bọ́ńjúù” ni ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ilẹ̀kùn. Mo ní àwọn wọ̀nyí ní yèyé nílé.

Ṣùgbọ́n ìkíni nìkan ni mo mọ̀. Dàpọ̀ á ti bá bọ́ọ̀sì lọ láti òwúrọ̀, èmi á jókòó sójú fèrèsé òkè kẹrin bí ẹyẹ inú àgò. Obìnrin kan wà lódìkejì yàrá wa. Bọ́ńjúù la sọ láti ọjọ́ tí mo dé títí di ọjọ́ tí mo lọ, n kò mọ̀ bóyá ó lọ́mọ, kò mọ̀ bóyá mo lọ́kọ. Nílé, mo ti mọ ohun tí aládùúgbò mi sè kí ó tó sọ̀ ọ́. Ẹnu tí wọ́n torí rẹ̀ rán mi wá kò ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju kó jẹun. Bí mo bá ronú ohun tó dára láti fi bú ènìyàn, kò sí ẹni tí n ó sọ ọ́ fún. Mo máa ń lọ sí etí odò, mo máa ń wo àwọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níbi kọfí wọn, mo sì ń rò ó pé bóyá bí Dàpọ̀ ṣe rí nìyí ní ọdún àkọ́kọ́, tí kò lọ́rẹ̀ẹ́, tí kò sí ẹni tó ṣẹ́ búrẹ́dì fún un. A kò bi í rí. Owó la máa ń bi í.

Ọjà kan létí odò yẹn ló yọ mí. Obìnrin Kóńgò kan ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà níbẹ̀. Mo dúró wò ó lọ́jọ́ kan bó ṣe ń yí ojú tó ti dúdú lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rí i pé mo mọ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Faransé lòun ń sọ, Èkìtì ni mo ń sọ, a sì jọ sọ̀rọ̀ di ọ̀sán. Mo sọ ọ́ ní Màmá Kóńgò. Lọ́jọ́ tó lọ gbọnsẹ̀ tó fi àtẹ sílẹ̀ fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í polówó bí mo ṣe ń ṣe ní Arámọ̀kọ, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú èébú. Wọn kò gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, wọ́n sì rà. Ọkùnrin kan bó tirẹ̀ lójú mi, ó gé e jẹ ní tútù. Mo wo ojú rẹ̀ títí, mo ní kó pẹ̀lẹ́. Nígbà tí Màmá Kóńgò dé, àtẹ ti ṣófo. Ó gbá mi mọ́ra, ó fún mi ní èyí tó fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Mo dín in fún Dàpọ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ìka nu epo inú àwo lá. Èmi ni mo bọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní n ó sọ ọ́ wàyí. N kò lè sọ ọ́. Kò wù mí kí ojú rẹ̀ yí padà.

Ọmọ mi Bùnmi, tí mo fi ti Yèyé, ló máa ń pè mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbé fóònù sí Yèyé lẹ́nu. Yèyé bi mí bóyá mo ti jíṣẹ́. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní rárá. Mo ń gbọ́ bí èémí ṣe ń há a láyà.

Ó ní, “A jẹ́ pé òkú ló ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé fóònù fún Bùnmi.

Ó fi di oṣù kẹta, mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún tí n ó padà, mo jí, mo gbé búrẹ́dì tí Dàpọ̀ ti gé sílẹ̀ kúrò níwájú mi. Mo ní mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó ní òfin kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti jẹ ti jẹ. Mo ní òfin ilé Yèyé ni, ọmọ Yèyé sì ni mí, mo lè tún un rán bí aṣọ. N kò fẹnu kan nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Ó ra wàrà tí mo fẹ́ràn, ó ṣí i sílẹ̀ kó máa rùn. N kò jẹ. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó fi ọgbọ́n mú mi lọ sí ilé oúnjẹ kan létí odò, ó ní kí wọ́n gbé adìẹ wá nínú ọbẹ̀ funfun. Mo wò ó. Àwọn ènìyàn yí wa ká tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu, oòrùn ń ràn, omi ń dán. Òòyì ń kọ́ mi.

Mo ní, “Dàpọ̀, Yèyé ní kí o wá kí òun rí ọ. Ìwé rẹ pé. Owó wà. Ìsinmi wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Kí ló ṣe?”

Láti ìgbà tí mo ti dé, “ẹ” ló ń bá mi sọ, bí àwọn ará ìlú ńlá. Nílé tiwa, ìwọ là ń pe ara wa, bàbá pàápàá. Ọjọ́ yẹn ló padà sí ohùn ilé.

Ó ní, “Ìwọ kò gbọ́ ohun tó ń wí ni?”

Mo ní gbogbo wa la gbọ́ ọ.

“Ó ní bí ojú òun bá ti kàn mí, òun ń lọ. Ọdún méje àkọ́kọ́ n kò ní ìwé ìgbélùú, n kò lè wá. Ọdún tí ìwé dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í wí i. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán ní Kérésì yẹn. Mo gbọ́ ohun tó wí, mo dá a padà. Ọdún mẹ́rin rèé. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, òun kò kú. Kí lo rò pé ó ń mú un dúró, nọ́ọ̀sì yín?”

Mo wò ó. Ọmọ tí gbogbo ẹbí ń bú pé ó ti gbàgbé ìyá rẹ̀.

Mo ní, “Ó ti rẹ̀ ẹ́, Dàpọ̀.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Èmi ni kò tíì rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, èmi tí wọ́n ní ẹnu mi lè mú ènìyàn wọ bàálù. Bí mo bá fi ipá mú un, èmi ni mo pa ìyá mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀, Yèyé á máa bá a lọ láti jókòó sórí ẹrù rẹ̀ títí. Ó wù mí o, kò wù mí o, èsì ti dé, òfin sì ní bí èsì bá ti dé kí n jẹun. Mo fa àwo adìẹ náà mọ́ra. Ó ti tutù. Mo jẹ ẹ́ tán, òun náà jẹ tirẹ̀ tán, a kò sì wo ojú ara wa.

Mo ti pinnu irọ́ tí n ó pa kí n tó dé Ìjurìn. N ó ní iṣẹ́ ló há a, n ó ní ó ń bọ̀ ní ìgbà ìkórè kòkó. Yèyé kò jẹ́ kí n dé ìdajì. Ó ní kí n gbé ìyẹn sílẹ̀. Ó ti tín-ín-rín sí i, orí ẹní ló wà, ojú rẹ̀ nìkan ló tóbi. Ó ní, “Ṣé o jẹun?” Mo ní mo jẹun. Ó ní ó dára, kí n jókòó, kí n sọ bí Dàpọ̀ ṣe rí.

Kí ni n ó ṣe? Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ọ̀sán méjì ni mo fi sọ ọ́. Mo sọ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Mo fi irun orí rẹ̀ tó ń pá hàn án lórí ara mi, Yèyé ní orí bàbá rẹ̀ ni. Mo dìde, mo rìn bó ṣe ń rìn nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ejìká ọ̀tún sílẹ̀ díẹ̀. Mo sọ bó ṣe ń kí gbogbo ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì, bó ṣe ń fọ ife lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe ń fi ìka nu epo inú àwo lá. Mo sín ẹ̀rín rẹ̀ jẹ nígbà tí irin bọ́ lọ́wọ́ mi tí ìgbín fò lọ sórí tábìlì ẹlòmíràn. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, Bùnmi ní kí n rọra. N kò rọra. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí n kò sọ fún un ni ohun tí Dàpọ̀ sọ létí odò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ kan ojú mi, títí dé ìpéǹpéjú.

Ó ní, “O ṣé. Mo ti rí i.”

Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bùnmi bu ẹ̀kọ fún un, ó gbọn orí. Omi, ó gbọn orí. Kò jẹ̀rora. Ní ọjọ́ kẹrin, kí àwọn tó lọ sóko tó dé, ó ti lọ sí ulé rẹ̀, bó ṣe máa ń pe ilé.

Èmi ni mo pe Dàpọ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi mọ̀. Mo ń gbọ́ àwọn ènìyàn tó ń wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń kí i, kò dá wọn lóhùn.

Ó ní, “Kí lo sọ fún un?”

Mo ní, “Ìwọ ni mo sọ fún un.”

Mo gbọ́ tó pa ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà. Mo ń dúró kó bú mi, mo ti tẹ́ ara mi sílẹ̀ fún un.

Ó ní, “Ṣé ó rẹ́rìn-ín?”

Mo ní ó rẹ́rìn-ín gan-an.